Yàrá Tí Bàtà Ti Ń Kàwé

“Èmi Ajíbóyè tí ẹ ń wò yìí, mo ti kọ́ ẹgbẹ̀rún ọmọ nínú kíláàsì kan ṣoṣo rí! Eyín ń ro mí lọ́jọ́ náà, ojú mi kan sì ti wú pa dé. Síbẹ̀, gbogbo ẹgbẹ̀rún ló gba ipò kìíní!”

Orí àga ni Ọ̀gá Ajíbóyè, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ìjọba Òkè-Àgbọn, gùn kó tó la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àlejò jókòó sábẹ́ ìbòrí tó ń mu oòrùn tó sì ń pọ iná jáde, wọ́n ń mu omi àgbọn. Ohùn Ọ̀gá ròkè débi pé àgbọn méjì já bọ́ lórí igi, ẹ̀kẹta di igi mú gírígírí, ó ní òun ò lọ síbì kankan.

Ìyáàfin Oyèbísí, Olùbẹ̀wò ilé-ìwé tó ti Ìbàdàn wá, gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ojú rẹ̀ kì í sì í ṣẹ́ bó bá ń wo èèyàn.

“Gbogbo ẹgbẹ̀rún, ipò kìíní? Ta ló wá gba ipò kejì?”

“Kò sẹ́ni tó kù mọ́, mà. Ewúrẹ́ kan ló ń kọjá lójú fèrèsé, òun la gbé e fún.”

Àwọn òbí tó dúró yí ká bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gba ẹ̀rín náà bí ẹni gba ẹ̀bùn, ó fi bọ àpò, ó tún tẹ̀ síwájú.

“Ìyẹn, ayé àtijọ́ ni, nígbà tí àwọn ọmọ ń jókòó lé ara wọn lórí bí ẹja gbígbẹ inú agbọ̀n. Nígbà tí Òfin Àyè dé, tí ìjọba ní kíláàsì kan ò gbọdọ̀ ní ju ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àwọn ọ̀gá yòókù ń sunkún. Èmi? Ọjọ́ kan ṣoṣo! N kò lé ọmọ kankan lọ. N kò kọ́ yàrá tuntun. N kò bẹ ìjọba ní tíṣà. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo kíláàsì ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé. Àní alángbá tó ń gun ògiri wa, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí èyí tó ṣìkẹrìndínlógún bá yọjú, ojú á tì í, á padà sínú ihò.”

Ìbíyẹmí, tíṣà kan ṣoṣo tó wà nílé-ìwé náà, dúró lẹ́yìn èrò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n irọ́ Ọ̀gá lòun fi dàgbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, tí ó ń yí nílẹ̀ tó ń ké, Ọ̀gá yìí ló gbé e sọ́rùn, tó sọ fún un pé wọ́n pe bàbá rẹ̀ sókè ọ̀run kó lọ kọ́ àwọn ìràwọ̀ ní ìwé kíkà, pé ìràwọ̀ tó bá ń ṣẹ́jú, òun ni kò mọ lẹ́tà rẹ̀. Ọ̀gá ló rán an nílé-ìwé títí tó fi di tíṣà. “Bàbá” ló ń pè é. Irọ́ rẹ̀ dà bí iyọ̀, ọbẹ̀ ayé Ìbíyẹmí kò lè dùn láìsí i.

“Kí ló dé,” Olùbẹ̀wò bi í, “tó jẹ́ pé ìlú yín nìkan ni Ojú ẹnu ọ̀nà kíláàsì kì í ti í ka orí ọmọ? Bàtà ló ń kà.”

“Àṣà wa ni, mà! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tí wọ́n gbé Ojú dé, tó kọ́kọ́ wo ọmọ ìlú yìí, tó ní ‘oókan, eéjì’, odó nìkan ni àwọn ìyá ò gbé jáde. Gbogbo ọmọ odó ló dé ẹnu ọ̀nà! Èmi ni mo dá wọn lẹ́kun. Mo ní, ẹ jẹ́ kó ka bàtà. Bàtà ò ní ìyá.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Gbogbo ọmọ ni ìjọba fún ní bàtà kan, tí orúkọ ọmọ náà wà nínú rẹ̀ bí kóró ṣe ń wà nínú ọsàn. Bàtà yẹn kì í gbó, ó sì máa ń dàgbà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó bá wà nínú rẹ̀. Ọmọ á bọ́ ọ sórí pẹpẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Ojú tó wà lókè ẹnu ọ̀nà á wò ó, á ní, “Bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àyè wà. Ẹ kẹ́kọ̀ọ́ o.” Bí ìkan bá lé, Ògiri tó ń fi àwòrán àti ohùn kọ́ wọn á kú pii, kò sì ní í jí títí ẹni tó lé á fi jáde. Bàtà ta ni Ojú rí lórí pẹpẹ, olúwarẹ̀ wà ní kíláàsì nìyẹn. Kò sí àríyànjiyàn.

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó sún mọ́ Ìbíyẹmí, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí.

“Ọmọ mi, àwọn ọmọ arìnrìn-àjò wa tó ń lọ wo òkun ńkọ́? Ọkọ̀ ti dé sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.”

“Wọ́n ti múra, Bàbá. Wọ́n ti fi òróró para títí, eṣinṣin tó bá bà lé wọn á yọ̀ ṣubú. Àṣàbí ò tilẹ̀ sùn nítorí òkun.”

“Ó dáa. Kó wọn wọ ọkọ̀ kí àwọn àlejò tó dìde. Má sì jẹ́ kí wọ́n pariwo.”

“Ṣé kí n lọ mú gèlè mi?”

“Kí lo fẹ́ fi gèlè ṣe? Ìwọ ò lọ.”

“Ta ni yóò wá mójú tó wọn lẹ́bàá òkun?”

“Ọkọ̀ náà ni,” Ọ̀gá dáhùn, ó sì ti yíjú padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò. “Ó mọ ọ̀nà.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ Ìbíyẹmí lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó lọ.

Lẹ́yìn àgbá omi ni àwọn ọmọ tó ń dúró wà. Ẹ ò ní í gbọ́ iye wọn lẹ́nu mi, èmi náà ọmọ Òkè-Àgbọn ni mí. Kí n kàn sọ pé bí wọ́n bá sín lẹ́ẹ̀kan náà, òrùlé á lọ. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnì kankan nínú wọn. Lọ́jọ́ tí Òfin Àyè dé, tí Ògiri kú, tí wọ́n ní kí àwọn tó lé máa lọ sílé, Ọ̀gá ló mú ọgbọ́n wá. Ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà wọn, kí òun kó bàtà náà sí àwọn yàrá ẹ̀yìn tó ṣófo. Kí àwọn fúnra wọn máa fẹsẹ̀ lásán wọlé sọ́dọ̀ Ìbíyẹmí, Ojú ò ní í rí wọn. Ó ní kí iṣu tuntun tó jáde, tíṣà tuntun á dé, bàtà àti ẹlẹ́sẹ̀ á tún pàdé. Ìbíyẹmí bi í nígbà náà pé Ògiri inú àwọn yàrá ẹ̀yìn ńkọ́? Ọ̀gá ní òun ti kọrin oorun fún un, ó ti sùn.

Iṣu tuntun jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Tíṣà kankan ò dé. Ìbíyẹmí ń kọ́ gbogbo wọn títí ohùn rẹ̀ fi há bí ti àkùkọ tó mu ata.

“Tíṣà!” Àṣàbí ló sáré pàdé rẹ̀. Ọmọ Adígún ni, ẹnu rẹ̀ mú, orí rẹ̀ sì pé jù gbogbo wọn lọ. Ó gbé ìgò kan dání. “Màámá àgbà ní kí n bá àwọn bu òkun bọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pé òkun tóbi ju irọ́ Ọ̀gá lọ?”

“Pa ẹnu rẹ mọ́, ọmọ yìí.”

“Wọ́n ní yanrìn ẹ̀ máa ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú bàtà mi. Lónìí nìkan. N kò ní í jẹ́ kí omi kàn án.”

Àwọn yòókù gbọ́, ni gbogbo wọn bá ń ké, “Tèmi náà! Tèmi náà!” Ìbíyẹmí rí i pé ẹ̀bẹ̀ náà kò burú. Ó yí sí àwọn yàrá ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn yàrá àkọ́kọ́ wà ní títì pa. Ó lọ sójú fèrèsé, ó ti í díẹ̀.

Ohùn kan ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà.

“Ọládọ̀tun Bámitálẹ̀,” ni ohùn náà wí, ohùn tútù bíi ti ìyá tó ń jí ọmọ rẹ̀. “Kí ni olú ìlú tí odò Ògùnpa ṣàn gbà kọjá?” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Mo ń dúró, ọmọ mi.” Ó tún dákẹ́. “Ọládọ̀tun Bámitálẹ̀ dákẹ́.”

Ìbíyẹmí yọ orí wọlé. Kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Aláǹtakùn ti hun aṣọ bo gbogbo àga. Lórí pẹpẹ, àwọn bàtà tò sílẹ̀, wọ́n kọjú sí Ògiri bí ọmọ tó ń gbọ́ràn. Ògiri sì ń tàn, ó ń fi àwòrán odò àti òkè hàn wọ́n.

“Àṣàbí Adígún,” ni Ògiri tún wí. “Bí ìyá rẹ bá ní iṣu mẹ́sàn-án, tó se méjì, mélòó ló kù? Mo ń dúró, ọmọ mi. Láti ọdún tí mo ti ń pè ọ́, o ò dá mi lóhùn rí. Òní ni ìbéèrè ìkẹyìn. Ọkọ̀ Ilé Àtúnkọ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá dákẹ́ á bá a lọ.”

Ta ni kò mọ Ilé Àtúnkọ́, tó wà lọ́hùn-ún lẹ́yìn odò Ọya? Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọmọ tí Ògiri bá sọ pé kò lè kẹ́kọ̀ọ́ lọ. Wọ́n á máa tú ẹ̀rọ tó ti kú, wọ́n á máa ṣa irin inú rẹ̀. Ọmọ tó bá lọ síbẹ̀, tó bá fi máa padà, irùngbọ̀n rẹ̀ á ti kan àyà.

“O pẹ́.”

Ọ̀gá Ajíbóyè ló dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá,” Ìbíyẹmí wí. “Ẹ ní Ògiri ti sùn.”

“Ó sùn. Ojú oorun ló ti ń sọ̀rọ̀ yẹn.”

Ẹ̀rín náà ò jáde. Àwọn méjèèjì dúró dè é, kò wá.

“Kì í ṣe òkun ni wọ́n ń lọ. Ẹ sì mọ̀.”

Ọ̀gá wo ilẹ̀, ó wo òkè. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe èyí tó máa ń já àgbọn lulẹ̀.

“Gbọ́, ọmọ mi. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá lórí gbogbo ilé-ìwé tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, nítorí èmi nìkan ni mo dín kíláàsì kù láìlé ọmọ. Bí àwọn ọmọ yìí bá wọ ọkọ̀, o ò rí i? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á kù sọ́dọ̀ rẹ lóòótọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré! Ọ̀fun rẹ á sinmi. Wàá mọ èyí tí inú ń run nínú wọn àti èyí tí ebi ń pa. Ṣebí ohun tí o ti ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn?”

“Bàbá, Àṣàbí ni wọ́n fẹ́ gbé lọ. Àṣàbí!”

“Ó dáa. Lọ síwájú, lọ pariwo. Wọ́n á bi àwọn ọmọ léèrè pé ta ló ní kí wọ́n bọ́ bàtà. Ṣé èmi ni wọ́n á nawọ́ sí? Ohùn ta ni wọ́n ń gbọ́ láràárọ̀? Ìwọ ni. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á sì ti ilé-ìwé yìí pa.” Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. “Ta ló sin bàbá rẹ, Ìbíyẹmí? Ta ló gbé ọ sọ́rùn?”

Ó yí padà, ó lọ bá àwọn àlejò rẹ̀. Kí ó tó dé iwájú ilé, ó ti tún ń ju irọ́ sókè bí ẹni ń ju bọ́ọ̀lù.

Ìbíyẹmí dúró. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín níbi tí gbogbo èèyàn ti ń parọ́ yìí: ó ronú nípa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà. Ó rí kíláàsì tó dákẹ́, tí òun lè rìn láàárín àga kí òun má tẹ ọmọ mọ́lẹ̀. Ó ti lá àlá rẹ̀ rí, àlá náà sì dùn. Àní bí ó ti ń rò ó yìí, ọwọ́ Ọ̀gá ṣì ń gbóná léjìká rẹ̀, bó ṣe máa ń gbóná láti kékeré. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

Láti ẹ̀yìn àgbá omi, ó gbọ́ tí ọkọ̀ aláìláwakọ̀ náà ṣí ilẹ̀kùn. “Ẹ wọlé, ẹ̀yin aládàákẹ́,” ni ọkọ̀ wí.

“Tíṣà!” Àṣàbí ké. “Ta ló ń jẹ́ aládàákẹ́ nínú wa? Ṣé Ọládọ̀tun ni? Ó ti ń sọ̀rọ̀ láti àná!”

Ìbíyẹmí gbé ìró rẹ̀ sókè, ó gba ojú fèrèsé wọlé, aṣọ aláǹtakùn dì mọ́ ọn lórí bí gèlè tí ó ti fẹ́ mú tẹ́lẹ̀. Ó mú bàtà Àṣàbí lórí pẹpẹ, ó bẹ́ síta.

“Ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ yẹn o!” ló wí. “Ẹ tẹ̀ lé mi!”

Wọ́n tẹ̀ lé e. Eruku tí ẹsẹ̀ lásán wọn gbé sókè bo oòrùn, àwọn adìẹ rò pé ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n lọ sùn.

Níwájú ilé, Ọ̀gá ń sọ bí òun ṣe fi ojú kan ṣoṣo pa ejò tó fẹ́ wọ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ìkẹrìndínlógún. Ó rí àwọn ọmọ. Ẹnu rẹ̀ dúró ní ṣíṣí.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà,” Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ níwájú Olùbẹ̀wò. “Àwọn ọmọ yìí ń lọ sí ìrìn-àjò. Mo ní kí wọ́n wọ bàtà wọn kí wọ́n tó lọ. Àṣàbí, wọ bàtà rẹ.”

Àṣàbí fi ẹsẹ̀ sí i. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ló wọlé. Bàtà ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé ni, ó sì ń dán bí ti ọjọ́ kìíní. Kò sí ẹsẹ̀ tó dàgbà nínú rẹ̀ rí. Ọmọ náà tì í títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

“Ọ̀gá,” Olùbẹ̀wò wí, “bàtà ìjọba máa ń bá ẹsẹ̀ dàgbà. Kí ló ṣe èyí?”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú, mà! Láàárọ̀ yìí ni! Ìmọ̀ tí mo kọ́ ọ ti kún orí rẹ̀, ó ti kún ikùn, ó wá ń ṣàn sí ẹsẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan láàárín àwọn òbí ní, “Ti ọmọ tèmi náà ńkọ́? Kí ló dé tí kò fi wọ bàtà láti ọjọ́ yìí, tí ẹ ní ẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀?”

“Ṣí yàrá tí wọ́n ti mú bàtà yìí wá,” ni Olùbẹ̀wò wí.

“Ìdánwò ń lọ níbẹ̀, mà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé.”

“Ta ló ń ṣe é?”

Ọ̀gá fa kọ́kọ́rọ́ yọ nínú agbádá rẹ̀, kò fi irọ́ kankan tẹ̀ lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i.

Gbogbo wọn rọ́ lọ. Ojú kì í jẹ́ kí ẹni tó wọ bàtà rìn wọnú kíláàsì, nítorí náà Olùbẹ̀wò bọ́ tirẹ̀ síta. Ọ̀gá náà ní láti bọ́ bàtà dúdú rẹ̀ tó ń dán, èyí tí ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà. Nínú ìpayà rẹ̀, orí pẹpẹ ló gbé e lé, sí àyè tí bàtà Àṣàbí ti kúrò. Ìbíyẹmí wo bàtà náà. Òun ló ń nù ún ní kékeré, kó tó lọ sílé-ìwé.

“Àṣàbí Adígún,” ni Ògiri wí fún yàrá tó ṣófo. “Bí ìyá rẹ bá ní iṣu mẹ́sàn-án, tó se méjì, mélòó ló kù? Mo ń dúró, ọmọ mi.”

Ìbíyẹmí ti ọmọ náà síwájú. “Dá a lóhùn.”

“Méje!” Àṣàbí ké láti ẹnu ọ̀nà. “Àfi bí Ọ̀gá bá gba ibẹ̀ kọjá!”

Ìmọ́lẹ̀ Ògiri lọ sílẹ̀, ó tún wá. Ó dà bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí.

“Àṣàbí Adígún,” ló wí nígbẹ̀yìn. “O ti dé.”

“Èmi náà ti dé!” Ọládọ̀tun fò mọ́ ojú fèrèsé. “Ọládọ̀tun Bámitálẹ̀! Ìbàdàn ni! Ìbàdàn ni odò Ògùnpa gbà kọjá!” Àwọn yòókù gbé e, olúkúlùkù ń pariwo orúkọ tirẹ̀ lójú fèrèsé, orúkọ lu orúkọ, Ògiri ò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ kí. Kò sẹ́ni tó ka ọmọ ẹnì kankan. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé àwọn wà.

Olùbẹ̀wò yí sí Ìbíyẹmí. “Ìwọ tíṣà. Ta ló ní kí wọ́n bọ́ bàtà?”

“Ohùn mi ni wọ́n gbọ́, mà.”

“Má lọ síbì kankan.”

“N kò lọ.” Ó gbójú sókè wo Ọ̀gá Ajíbóyè. “Bàbá, ẹ sọ fún wọn ẹni tó rán mi.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Àwọn ìyá ti ń wá ọmọ odó.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, “ẹ jẹ́ kí n sáré lọ bá yín pe àwọn tíṣà tuntun wá. Wọ́n wà nítòsí. Igba ni wọ́n! Wọ́n ga tó…”

Kò parí rẹ̀. Ó bẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó gba abẹ́ àwọn igi àgbọn, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn bí ìyẹ́ igún, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lásán ń funfun báláú lójú oòrùn. Ariwo àwọn ìyá ń lé e lọ. Kò wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àní nígbà tí Ìbíyẹmí pè é ní “Bàbá” tí ohùn rẹ̀ tó ti há sì là pẹ̀rẹ̀ sí méjì.

Lókè ilẹ̀kùn, Ojú wo pẹpẹ.

“Bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àyè wà. Ẹ kẹ́kọ̀ọ́ o.”

“Ajíbóyè,” ni Ògiri wí jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń jí ọmọ rẹ̀. “Ọmọ mélòó lo kọ́ ní òtítọ́? Mo ń dúró, ọmọ mi.”

Gbogbo wọn dúró pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ilé, ọkọ̀ náà kò tí ì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

“Ajíbóyè dákẹ́.”